Ife Páànù Tó Wà Níta

Edvin Storli kì í mutí. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé ọ, ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, nítorí mo mọ̀ pé o ti ń wá ọ̀mùtí kan nínú rẹ̀ tí o máa nàka sí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kì í mutí, kì í jalè, kì í lé obìnrin. Òun ló gbé pákó sílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé àdúrà Vesterbukt, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti dáná sun gbogbo ilé etí òkun náà. Àga iwájú ló máa ń jókòó sí, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù nínú orin.

Síbẹ̀, ọ̀run àpáàdì ni ọkùnrin yìí ń lọ tààrà, kóòtù tó dára ló sì wọ̀ lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Èbúté tirẹ̀ nìkan ló wà nítòsí ní apá òkun yẹn, lókè pátápátá ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí oòrùn kì í ti í yọ rárá láàárín gbùngbùn ìgbà òtútù. Ẹni tó bá pa ẹja, ọ̀dọ̀ Edvin ló máa gbé e wá, bó fẹ́ bó kọ̀. Àwọn obìnrin á la ẹja náà, wọn á so ó kọ́ sórí igi gíga, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́ di pánlá.

Ààrò irin kan wà nínú ilé ẹja Edvin, tábìlì gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ará Nọ́wè ti máa ń jókòó mu kọfí nínú ife funfun. Níta, lára ògiri, Edvin kan ìṣó mọ́ pákó, ó sì fi àwọn ife páànù kọ́ sára wọn. Àwọn Sámì ló ni ìyẹn. Sámì ni ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn yòókù tó dé, ṣùgbọ́n “Láàpù” ni wọ́n máa ń pè wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ bú wọn. Bí Sámì kan bá ta ẹja rẹ̀ tán, ojú fèrèsé ni wọ́n ti máa bu kọfí fún un, á sì dúró síta mu ún nínú òjò dídì.

Kò sí òfin ìjọba kankan tó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Edvin ló kan ìṣó yẹn fúnra rẹ̀.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ. Edvin gan-an, Sámì ni.

Ravna ni orúkọ ìyá rẹ̀, Ivvár sì ni orúkọ tí ìyá náà sọ ọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n kó òun àtàwọn ọmọ Sámì yòókù lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń sùn, olùkọ́ sì ń na ẹnikẹ́ni tó bá sọ èdè ilé. Nígbà tó fi máa jáde, èdè ìyá rẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, ìtìjú sì ti gba ipò rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ra ilẹ̀, ó mú orúkọ àwọn ará Nọ́wè, ó di Edvin Storli. Gbogbo Vesterbukt ló mọ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ sọ ọ́ síta.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó mú ìyá rẹ̀ wá sílé, ó sì ka òfin fún un. Kó má dé fìlà pupa ìran rẹ̀ mọ́. Kó má wọ bàtà awọ tó ṣẹ́ nímú sókè. Kó má gé wàràkàṣì sínú kọfí, nítorí bí àwọn Sámì ṣe ń mu ún nìyẹn. “Màmá, èdè Nọ́wè nìkan la máa ń sọ nílé mi.” Ìyá àgbà gbọ́, ó sì gbà. Bí àlejò bá dé, ó máa ń rọra lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní Vesterbukt tó ń pe Edvin ní Ivvár. Risten ni, opó kan tí òkun gbé ọkọ rẹ̀ lọ, tó ń la ẹja fún Edvin. Iléèwé kan náà ni wọ́n jọ lọ, igi kan náà ni wọ́n fi nà wọ́n, ṣùgbọ́n èdè Risten kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, fìlà pupa kò sì kúrò lórí rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, irú èyí tó máa ń sunkún nínú ìpàdé, tó sì tún máa ń bá oníwàásù jiyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, òtútù mú débi pé ọwọ́ Risten kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Ó yọ ife páànù kan kúrò lára ìṣó, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó bu kọfí, ó sì jókòó sórí àga kan tó ṣófo nídìí tábìlì.

Gbogbo wọn yíjú sí Edvin.

“Risten,” ni Edvin wí, “o ti ṣìnà.”

“Mi ò ṣìnà o. Àbí ìdí ààrò kọ́ nìyí ni?”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó.

“Láàpù kì í jókòó níbí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà dìde, Ivvár.”

Ojú Edvin pọ́n koko. Ó gba ife náà lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó da kọfí sórí yìnyín, ó sì ju ife tẹ̀lé e. Ó ní kí Risten jáde kí òun tó fi ọwọ́ mú un jáde.

Ìyá àgbà Ravna wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó já sínú ilé, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó lanu, gbólóhùn Sámì kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà.

“Màmá!” Edvin jágbe mọ́ ọn. “Nọ́wè!”

Ìyá pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó wolẹ̀, ó sì padà sí yàrá ẹ̀yìn.

Risten ti jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ife páànù náà, ó ń gbọn yìnyín kúrò nínú rẹ̀. “Mo ṣì máa jókòó sórí àga yẹn,” ló wí, “ìwọ gan-an lo sì máa fà á fún mi.”

“Ọjọ́ tí òkun bá gbẹ nìyẹn.”

Risten ki ife náà sápò, ó sì gbé e lọ sílé rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ní àṣà kan tí mi ò tíì rí ní ibòmíràn. Bí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá gún ènìyàn lọ́kàn, kì í jókòó síbi tó wà máa dá gbàdúrà. Á dìde níṣojú gbogbo ìjọ, á lọ bá ẹni tó ṣẹ̀, á fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, á ní kó dárí ji òun. Ẹni náà á wá sọ fún un pé kó gbà gbọ́ pé a ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í ní orúkọ Jésù àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kódà lórí ibùsùn ikú, ẹni tó ń lọ kì í fẹ́ lọ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀. Edvin kò dìde rí. Ta ló ṣẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Risten dúró dè é lórí àtẹ̀gùn.

“Ivvár, mo retí rẹ lónìí.”

“Kí lo ń retí mi sí?”

“O mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fún ọ bí ọmọdé.”

“Ilé mi ni, kọfí mi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?”

“Ilé rẹ ni lóòótọ́. Ta ló wá ni àga tó o fẹ́ jókòó sí lọ́run? Bí mo bá ṣáájú rẹ débẹ̀, ṣé kí n ní kí wọ́n gbé ife tìẹ síta?”

Edvin rẹ́rìn-ín, ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Àwa méjèèjì ò ní jókòó sí apá ibì kan náà.”

“Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ,” ni Risten wí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá àgbà Ravna ṣubú nínú ilé ìdáná. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà wá, ó wò ó, ó ní kí wọ́n múra sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ tú, èdè Nọ́wè ti lọ pátápátá. Kò kù nínú rẹ̀ ju èdè tí ìyá tirẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Á di apá aṣọ Edvin mú, á sọ gbólóhùn kan, á sì máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Edvin kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ivvár.

“Omi ni, Màmá?” Ó bu omi wá. Ìyá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún ìrọ̀rí ṣe. Ó pọ́n fìtílà. Ìyá tún sọ ọ́, ohun kan náà, ẹkún sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Edvin Storli, tí gbogbo etí òkun ń bẹ̀rù, dúró síbẹ̀ bí ẹni tó yadi, kò mọ ohun tí ìyá tó bí i ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Ìyàwó rẹ̀, Torbjørg, tó jẹ́ ará Nọ́wè láti ìhà gúúsù, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà. “Ọkọ mi, ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó lọ. Mo bẹ̀ ọ́, lọ wá ẹni tó gbọ́ èdè yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n lọ báyìí.”

Edvin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Klemet ló kọ́kọ́ rí, apẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi èdè Sámì bú ajá rẹ̀.

“Klemet, o gbọ́ Sámì, àbí?”

Klemet wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Èmi kẹ̀, ọ̀gá? Ta ló ń bà mí lórúkọ jẹ́? Ará Nọ́wè ni mí o!”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ báyìí.”

“Ajá ni ẹ gbọ́, ọ̀gá.”

Ó lọ bá Mikkel arúgbó, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò gbọ́ èdè Nọ́wè kan dà bí alárà. Mikkel ń tún àwọ̀n ṣe. Kò gbójú sókè. “Mo ti gbàgbé rẹ̀, ọ̀gá. Ọdún tí ẹ sọ pé ẹ ò ní ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sọ ọ́ níbí mọ́, ọdún yẹn náà ni mo gbàgbé rẹ̀.”

Kò sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó lọ bá òmíràn, ó lọ bá òmíràn, ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Sámì kún èbúté yẹn fọ́fọ́, kò sì sí Sámì kankan níbẹ̀. Edvin ti kọ́ wọn dáadáa. Ohun tí wọ́n fi igi kọ́ òun, ó ti fi ẹja kọ́ wọn. Ó kù ẹnì kan tí kò sẹ́ ara rẹ̀ rí, ẹni tó kórìíra àtilọ bá jù láyé sì ni.

Risten ń hun ìbọ̀sẹ̀ nígbà tó kanlẹ̀kùn. Ife páànù yẹn wà lórí tábìlì rẹ̀.

“Ìyá mi ń kú lọ,” ni Edvin wí, láìkí i. “Ó ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ọ. Wá bá mi gbọ́ ọ. Màá fún ọ lówó.”

“Pa owó rẹ mọ́. Màá wá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa gbà wọlé. Fìlà mi á wà lórí mi. Bí mo bá ṣe tán lọ́dọ̀ ìyá, màá jókòó nídìí tábìlì ẹja rẹ níṣojú gbogbo wọn, màá sì mu kọfí.”

“Ìyá mi ń kú, o ń sọ̀rọ̀ kọfí!”

“Ìyá rẹ ń kú, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà! Ta ló burú jù nínú àwa méjèèjì?”

Edvin fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí obìnrin tó ń la ẹja wá máa pàṣẹ fún òun. Risten gbé ìbọ̀sẹ̀ kalẹ̀, ó sì dìde dúró. Kò ga ju èjìká Edvin lọ.

“Ivvár ọmọ Ravna, fetí sílẹ̀. Kì í ṣe kọfí ló ń dùn mí. Kọfí wà nílé mi. Ìta ni wọ́n lé Jésù sí kí wọ́n tó pa á. Ìṣó ni wọ́n fi kọ́ ọ. O wá lọ kan ìṣó mọ́ra ògiri rẹ, o fi àwa náà kọ́ níta, o tún lọ ń jókòó síwájú nínú ilé àdúrà, ò ń kọrin sí i. Ọ̀dọ̀ wa níta ló wà! Láti ọjọ́ yìí ni o ti ń da kọfí rẹ̀ nù sórí yìnyín. Kò sì kórìíra rẹ. Nítorí ìwọ gan-an ló ṣe jẹ́ kí wọ́n lé òun síta. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ jáde wá bá a.”

“Mi ò wá gbọ́ ìwàásù.”

“Ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi rìn wá.”

Edvin jáde, ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ó sọ lójú ọ̀nà, òun nìkan, pé kàkà kí òun fa àga fún Láàpù, kí ìyá òun lọ bó ṣe fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń le tó, ìwọ tó ń kà á. Má sọ pé ìwọ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, ó bá ìyá rẹ̀ nípò mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ kò di apá aṣọ mú mọ́. Ètè nìkan ló ń mì. Edvin gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ọn títí ó fi kan ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́ Ivvár, ó tún gbọ́ Ivvár, kò sì gbọ́ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ó rí i pé bó bá jẹ́ pé báyìí ni ìyá òun ṣe kú, ohun tó ń sọ yẹn ni òun á máa gbọ́ títí ayé, òun ò sì ní mọ̀ ọ́n láé.

Ó sáré padà láìwọ kóòtù. Risten ti wọ bàtà rẹ̀, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

“Wá,” ni Edvin wí.

“Ẹnu ọ̀nà wo?”

“Iwájú.”

“Fìlà mi ńkọ́?”

“Dé e! Risten, jọ̀ọ́. Dé gbogbo fìlà tó o bá ní.”

Wọ́n gba iwájú èbúté kọjá ní ọ̀sán gangan, gbogbo àwọn apẹja sì dúró wò wọ́n. Ọ̀gá Storli kò wọ kóòtù, obìnrin onífìlà pupa ló sì ṣáájú rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀.

Nígbà tí ìyá àgbà rí fìlà yẹn, ojú rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Risten kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó fetí sí i, ó ń mi orí. Lójijì ó bú sẹ́kún, kò sì lè dá a dúró.

“Kí ló sọ?” ni Edvin béèrè. “Risten, kí ni ìyá mi sọ?”

“Wọ́n ń tọrọ àforíjì.”

“Lọ́wọ́ ta?”

“Lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní kó o dárí ji àwọn pé àwọn jẹ́ kí iléèwé gba èdè lẹ́nu rẹ, àwọn ò jà. Wọ́n ní ojú ti àwọn nítorí ara àwọn, àwọn sì fi ìtìjú yẹn tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n ní àwọn rí i nígbà tó o lé mi jáde, àwọn sì padà sí yàrá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ ti èmi náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí àwọn tó lọ, pé a ti dárí rẹ̀ jì wọ́n.”

Edvin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ kò tọrọ rí. Gbogbo pákó tó fi kọ́ ilé àdúrà, gbogbo orin tó ti ń kọ láti ọdún yìí wá, kò sí èyí tó lè ràn án lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tó jókòó sí yẹn.

“Sọ ọ́ fún wọn,” ni Risten wí. “Màá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà.”

“Mi ò lè sọ ọ́. Báwo lèmi ṣe máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ìyá mi? Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ńkọ́?” Ó yíjú sí Risten, lórí ìkúnlẹ̀. “Risten, dárí jì mí.”

Mo mọ̀ pé o ń retí kó gbá a mọ́ra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Má kánjú,” ló wí. “Màá dárí jì ọ́, Ọlọ́run mi ò fún mi láyè láti má ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe ohun tó o ṣe ní nǹkan kékeré. Sọ ọ́. Pe orúkọ rẹ̀.”

Edvin sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń kálòlò. Ó ní òun da kọfí rẹ̀ nù. Ó ní òun ló kan ìṣó, òun ló mú kí àwọn àgbàlagbà máa dúró sínú yìnyín bí ẹran. Ó ní òun mọ̀ pé kò dára ní ọjọ́ tí òun ń kàn án, inú òun sì dùn, nítorí ìgbàkígbà tí Sámì kan bá wà níta, ó máa ń dà bíi pé òun ti wà nínú ilé dájúdájú. Ó ní òun sẹ́ ìyá òun.

Nígbà náà ni Risten fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, orí fìlà pupa rẹ̀ sì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ivvár, gbà gbọ́ pé a ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́, ní orúkọ Jésù àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”

Ó gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni ó ti gbà á gbọ́, lórí ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn tó ti ń fi ìyá rẹ̀ pa mọ́ sí, Jésù Olúwa sì gbà á bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ kọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Risten ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní èdè Sámì, òun náà ń sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ń ṣì í pè, ó ń tún un pè. Nígbà tó parí, ìyá àgbà wò ó, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń gbéra sì gbéra. Ó sọ nǹkan kan.

“Kí ni wọ́n wí?”

Risten ń fi apá aṣọ nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní ò ń sọ ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Wọ́n ní ó dùn.”

Torbjørg gbé kọfí wá. Edvin fúnra rẹ̀ ló gé wàràkàṣì sínú ti ìyá rẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìyá ti lọ bá Olúwa rẹ̀. Fìlà pupa ni wọ́n dé fún un nínú pósí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Edvin mú Risten wọ inú ilé ẹja. Àwọn apẹja ti kún ìdí tábìlì. Ó fa àga kan fún un níṣojú gbogbo wọn, ó sì bu kọfí fún un nínú ife funfun. Risten ki ọwọ́ sápò, ó gbé ife páànù yẹn jáde, ó gbé e síwájú Edvin.

“Ìwọ mu nínú èyí.”

Edvin bu tirẹ̀ sínú rẹ̀. Páànù gbígbóná náà jó o létè. Ó ti ń fi bu kọfí fún àwọn èèyàn láti ọdún pípẹ́, kò mọ̀ pé ó máa ń jóni bẹ́ẹ̀. Ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó jáde, ó sì fa gbogbo ìṣó yẹn yọ.

“Storli,” ni ọkùnrin ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Halvard wí, “èmi ò ní bá Láàpù mu kọfí o.”

“A jẹ́ pé o ò lè bá mi mu ún mọ́ nìyẹn. Láàpù ni mí.”

“Yé fi mí ṣeré.”

“Mi ò fi ọ́ ṣeré. Ivvár ni ìyá mi sọ mí. Àga rẹ wà ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ jókòó ti ọmọnìkejì rẹ, máa bọ̀.”

Halvard jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja wọn lọ sí èbúté mìíràn tó jìnnà. Ọjà Edvin wálẹ̀, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó dìde kúrò lórí àga iwájú, ó kọjú sí àwọn Sámì tó jókòó lẹ́yìn, ó sì sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kọ́ wọn lọ́rùn, ó ń tọrọ àforíjì. Klemet, tí kò gbọ́ Sámì rárá, ló kọ́kọ́ fi Sámì dá a lóhùn, gbogbo ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìwọ ńkọ́?

Má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyí. Abọ́ wo lo fi ń bu oúnjẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ? Ibo lo ní kó jókòó sí jẹ ẹ́? Ẹ̀yà wo ni ọmọ rẹ mú àfẹ́sọ́nà wá láti inú rẹ̀, tí o ní àfi bí o bá kú? Orúkọ kan wà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń pe àwọn kan bí wọn ò bá sí nítòsí, tí ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọlọ́run ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà ni wọ́n ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rí, o wá ń wá ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ kí ara lè tù ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Edvin ṣe bẹ̀rẹ̀.

O lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. O lè má mutí rí. Síbẹ̀ bí ife kan bá wà níta nítorí rẹ, Jésù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ni ín, ìwọ lo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kú fún ọ, o ò ní láti fi nǹkan kan rà á. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un lónìí, kó o dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, má pè é ní nǹkan kékeré. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wẹ̀ ọ́ mọ́.

Bí o bá sì ti gbàdúrà tán, má tíì jókòó. Ẹni yẹn wà nítòsí rẹ báyìí, o mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ti ń wá sí ọ lọ́kàn láti ìgbà tó o ti ń kàwé yìí. Ìyá Edvin dúró dè é di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tìrẹ lè má dúró. Dìde, lọ bá a, kó o sì fa àga fún un.